Ẹfọ̀n Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́jọ

Ọ̀rọ̀ kan ni Lamduan fi kọ́ àwọn àgbà àdúgbò rẹ̀. Ẹfọ̀n.

"Ẹsẹ̀ mélòó ni ẹfọ̀n ní?"

"Mẹ́rin!"

"Ibẹ̀ náà ni kí ẹ fàlà sí."

Nọ́ńbà mẹ́rin ni ẹni tí baálẹ̀ Thawin ń tì lẹ́yìn fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Opó ni Lamduan, ahun-ẹní. Àwọn àgbà fẹ́ràn ẹnu rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí baálẹ̀ fi fi ìbò àdúgbò náà lé e lọ́wọ́. Decha, ọmọ Lamduan kan ṣoṣo, ló ń wa ọkọ̀ tó ń pín omi fún ìlú, baálẹ̀ ló sì fún un ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ẹni tó fúnni lè gbà á padà. Baálẹ̀ ò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Kò nílò láti sọ ọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìdìbò. Gbọ̀ngàn ilé ìwé. Ojú gbogbo ayé ni wọ́n ti ń ka ìbò: tíṣà á gbé ìwé sókè, á ké nọ́ńbà, akọ̀wé á fa ìlà sára pátákó.

Ìwé méjì ni olúkúlùkù fàlà sí, ọ̀kan fún ẹni tí wọ́n ń yàn, ọ̀kan fún ẹgbẹ́. Ìwé àkọ́kọ́, ti ẹni. Mẹ́rin, mẹ́rin, mẹ́rin. Lamduan mí kanlẹ̀. Ó bu ìrẹsì nínú apẹ̀rẹ̀ ọparun, ó ṣù ú róbótó, ó fi sẹ́nu.

Ìwé kejì, ti ẹgbẹ́. Mẹ́sàn-án ni ẹgbẹ́ baálẹ̀ lórí èyí. Mẹ́sàn-án! Lamduan ò rántí sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

"Mẹ́rin!" ni tíṣà ké.

Ìrẹsì há a lọ́fun.

"Mẹ́rin!"

"Ẹgbẹ́ wo tún nìyẹn?" ni ẹnì kan bèèrè. "A ò rí fọ́tò wọn lára igi kankan."

"Ẹgbẹ́ àwọn ọkọ tí ìyàwó lé jáde ni!"

Ẹ̀rín sọ. Lamduan ò lè rẹ́rìn-ín. Ìlà kọ̀ọ̀kan dà bí ìka tó ń nà sí i. Baálẹ̀ náà ò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín músẹ́ ló ń rín, tó ń wo ojú àwọn èèyàn níkọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ló ba Lamduan lẹ́rù jù.

Ẹ dákẹ́, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́, ni Lamduan ń bẹ̀ wọ́n nínú ọkàn.

Ìyá Khampun, ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà, dìde, eyín rẹ̀ pọ́n fún ewé tó máa ń jẹ lẹ́nu bí obì. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

"Lamduan, ọmọ mi! Ṣé o rí wa? Ẹsẹ̀ mẹ́rin lórí ti àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ mẹ́rin lórí ti kejì! A ò fi ẹfọ̀n rẹ sílẹ̀ o!"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín gèè.

Baálẹ̀ rọra rìn wá. Ó tẹrí sí etí Lamduan. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú.

"Ìyá Decha. Ẹfọ̀n tìẹ mà ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ."

Lamduan pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀, ó gbé e dé iwájú orí láti fi bẹ̀ ẹ́. "Àṣìṣe ni, baba. Ẹ má fi jẹ ọmọ mi níyà."

"Ta ló dárúkọ ọmọ?"

Lóde, fèrè ọkọ̀ omi dún lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀ ni Decha ṣe máa ń kí ìyá rẹ̀ bó bá ń kọjá. Baálẹ̀ náà gbọ́ ọ. Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síwájú, ó là á sílẹ̀.

"Pè é wọlé fún mi. Kó mú kọ́kọ́rọ́ dání."

Lẹ́yìn wọn, tíṣà ò tíì kà tán.

"Mẹ́rin!"