Imú tí Bódìjà Fọkàn Tán

Ẹ̀wà ni ó kọ́kọ́ fẹ́ tú àṣírí Akínlolú Ayẹni. Ọtí ni ó wá tú u pátápátá.

Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá ni. Ọ̀fìnkìn burúkú kan ti dá a dùbúlẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí ara rẹ̀ mókun, ó jókòó sí ilé ìdáná wọn ní Àgbowó, ó ń ka ìròyìn lórí fóònù rẹ̀. Ìkòkò ẹ̀wà wà lórí gáàsì, ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o níbi tó jókòó sí. Adétóun, ìyàwó rẹ̀, sáré wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, ó ń fi etí ìró lé èéfín.

“Bàbá Ṣemílóore! Ẹ̀wà jóná mọ́ yín lójú! Ṣé ẹ ò gbóòórùn ni?”

“Mo ń ronú ni,” ni ó dáhùn.

Irọ́ ni. Ó wọ yàrá lọ, ó ṣí ìgò lọ́fínńdà, ó gbé e símú: òfìfo. Ó bó ọsàn, ó fún awọ rẹ̀ sábẹ́ imú: òfìfo. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá kan ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n bí i sí, tí kò sí ẹni tó dáhùn.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tí èyí jẹ́, ó yẹ kí ẹ mọ irú imú tí ó kú. Ọmọ Ìkàrẹ́ ni Ayẹni, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni ó ti dàgbà di baba. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni ó fi ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, níbi tí imú rẹ̀ ti máa ń mọ omi tó fẹ́ bàjẹ́ kí ẹ̀rọ tó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, Ẹnjiníà Ọládipọ̀, àgbàlagbà kan tó ń gbé Bódìjà, pè é sí ìpàdé kékeré kan tí ó máa ń wáyé nílé rẹ̀ ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mẹ́rin péré ni wọ́n. Ẹnjiníà ni ẹ̀gbọ́n gbogbo wọn. Fadékẹ́mi, lọ́yà tí ahọ́n rẹ̀ mú ju abẹ lọ, ni obìnrin àárín wọn. Tòkunbọ̀, agbaṣẹ́ṣe tó ní ọ́fíìsì ní Ring Road, ni àbúrò.

Wisikí àgbàdo ilẹ̀ Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń pè ní bọ́ọ̀bọ̀n, ni wọ́n ń mu. Kì í sì í ṣe èyí tó kún orí àtẹ gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Irú èyí tí a dà pọ̀ láti inú àgbá díẹ̀ péré, tí ti ọdún yìí kò fi ní jọ ti èṣí, ni wọ́n ń wá kiri. Wọn kì í mu àmupara.

Ayẹni ni ó kọ́ wọn bí a ti ń tọ́ ọ wò. Kí wọ́n bu ìwọ̀n ìka kan. Kí wọ́n yí ife náà, kí wọ́n wo omijé ọtí bí ó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lára gíláàsì, nítorí pé ọtí tó bá dára kì í kánjú. Kí wọ́n la ẹnu díẹ̀ bí wọ́n bá ń gbóòórùn rẹ̀, kí agbára rẹ̀ má baà ta wọ́n nímú. Kí wọ́n fi ẹ̀kán kan ra ahọ́n, kí wọ́n dúró. Kò fi ọ̀rọ̀ òyìnbó júwe rẹ̀ rí. “Àgbàdo sísun nìyí, èyí tí èédú mú létí,” ni yóò wí. Tàbí, “Ẹ gbọ́, àgbálùmọ̀ tó ti ń rọ̀.” Tàbí, “Ìsọ̀ káfíńtà nìyẹn, lẹ́yìn òjò.” Àwọn yòókù á tún gbé ife símú, wọn a sì bá ohun tó wí níbẹ̀ lóòótọ́.

Àṣà kan wà láàárín wọn tí kì í yẹ̀: ẹnikẹ́ni kì í fi ẹnu kan ife àyàfi bí Ayẹni bá ti tọ́ ọtí wò, tí ó sì ti wí pé, “Ó mọ́.” Ọdún méjì sẹ́yìn ni àṣà náà bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan fi ìgò kan ta Ẹnjiníà lọ́rẹ lọ́jọ́ ìbí rẹ̀. Ayẹni gbé e símú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó dìde, ó sì dà á sí gọ́tà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbọ́ pé irú ọtí àdàlù bẹ́ẹ̀ ti fọ́ àwọn kan lójú ní ìgbèríko kan. Láti ìgbà náà ni Ẹnjiníà ti máa ń wí fún gbogbo àlejò pé, “Imú Ayẹni ni ojú wa.”

Ta ni yóò gbọ́ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, tí yóò wá là á mọ́lẹ̀ pé imú òun ti kú?

Ní oṣù kẹwàá àti oṣù kọkànlá, ó tàn wọ́n. Ìgò tí wọ́n ti mu irú rẹ̀ rí ni wọ́n ṣí, ó sì ka adùn rẹ̀ fún wọn láti orí, bí ẹni tó ń ki òkú. Wọ́n mi orí. Wọ́n bá àgbálùmọ̀ níbi tí òun kò ti bá nǹkan kan. Fadékẹ́mi nìkan ni ó wò ó lọ́wò tó pẹ́. Ní oṣù kejìlá, wọn kò pàdé.

Nígbà tí ó di Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù kìn-ín-ní, ọyẹ́ bo Bódìjà mọ́lẹ̀. Igi máńgòrò tó wà ní òpin àdúgbò ti pòórá sínú funfun. Tòkunbọ̀ wọlé, ó gbé ìgò kan tí a fi bébà wé mọ́ àyà bí ọmọ tuntun.

“Ẹ̀gbọ́n Imú, lónìí ni ẹ máa dọ̀bálẹ̀ fún mi! Àgbá mẹ́ta péré ni wọ́n dà pọ̀ o. Ẹnì kan tó ń kó ọjà láti ẹnubodè ló fi hàn mí ní Dùgbẹ̀. Ó ní èmi nìkan lòun fún.”

“Àgbá mẹ́ta!” ni Fadékẹ́mi wí. “Ìwọ lo wà níbẹ̀ tó kà á?”

“Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé mi lọ sí kóòtù lórí ìjókòó.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ayẹni gba ìgò náà. Kò rí orúkọ tó wà lára rẹ̀ rí. Ìda pupa tí wọ́n fi dí ẹnu rẹ̀ jẹ́ oríṣi pupa méjì, bí ẹni pé wọ́n yọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣí i, ó bu ìwọ̀n ìka kan, ó yí ife. Omijé ọtí náà sáré sọ̀kalẹ̀ bí omi lásán. Ojú rẹ̀ rí i. Ojú nìkan ni ó kù tí ó lè fi ṣiṣẹ́, ojú sì wí fún un pé: má ṣe.

Ó gbé ife símú. Òfìfo. Ó fi ẹ̀kán kan ra ahọ́n. Iná ni ó gbọ́, iná tí kò ní orúkọ.

“Imú, ṣé o ti sùn ni?” ni Fadékẹ́mi wí. “Nígbà tó kọjá, o sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń kàwé. Kò sí ìwé lónìí o. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò mu eléyìí rí. Kí lo gbọ́?”

“Ẹ fi í sílẹ̀, Lọ́yà,” ni Ẹnjiníà wí. “Akin, ṣé ó mọ́?”

Àyè wà láàárín ìbéèrè náà àti ìdáhùn rẹ̀. Kò ju èémí mẹ́ta lọ. Ayẹni rí àyè náà bí ènìyàn ṣe ń rí ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, ó sì kọjá níwájú rẹ̀.

“Ó mọ́,” ni ó wí. “Àgbàdo sísun. Oyin díẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀.”

“Oyin!” Tòkunbọ̀ pàtẹ́wọ́. “Mo ṣáà sọ fún yín!”

Wọ́n mu ún. Ẹnjiníà gbà á lẹ́ẹ̀mejì. Tòkunbọ̀ gbà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, nítorí pé òun ni ọlọ́jà. Fadékẹ́mi mu ìdajì tirẹ̀, ó yínmú, ó ní, “Oyin tìrẹ yìí korò o.” Ayẹni mu tirẹ̀ tán pátápátá. Ó rò pé bí òun náà bá mu ún, irọ́ náà yóò fúyẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, orí fífọ́ ni ó jí i. Ó lọ sí ojú fèrèsé, ó wá táńkì omi aláwọ̀ búlúù tí aládùúgbò wọn gbé sórí òpó. Òwú funfun nìkan ni ó rí. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀: ọyẹ́ ni.

“Ọyẹ́ òní yìí mà pọ̀ o,” ni ó wí nígbà tí ó gbọ́ ẹsẹ̀ Adétóun. “Mi ò tilẹ̀ rí táńkì.”

Adétóun wá dúró tì í.

“Ọyẹ́ wo, Bàbá Ṣemílóore? Ó ti ká nílẹ̀ látàárọ̀. Òòrùn ló wà lójú yín yìí.”

Lóòótọ́ ni. Ó ń gbọ́ ooru rẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́.

Fóònù dún. Ó gbé e súnmọ́ ojú, kò rí orúkọ kà. Adétóun gbà á, ó ní, “Ẹnjiníà ni,” ó sì fi í sí i létí.

“Akin!” Ẹnjiníà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò délẹ̀. “Ọyẹ́ yìí ti wọ inú ilé mi o, mi ò rí Bíbélì kà. Lọ́yà ní òun ń bì láti ìdájí, ó ní ọbẹ̀ ni. Tòkunbọ̀ kò gbé fóònù. Ó kúkú mọ́, àbí? Torí pé ìwọ lo wí i ni ọkàn mi ṣe balẹ̀.”

Àyè náà tún ṣí. Èémí mẹ́ta.

“Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ọyẹ́,” ni Ayẹni wí. “Ẹ ní kí wọ́n gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn nísinsìnyí. Kí wọ́n yà gbé Lọ́yà. Kí ẹ sọ fún dókítà pé ọtí àdàlù ni. Àwa ń lọ wá Tòkunbọ̀. Imú mi ti kú láti oṣù kẹsàn-án. Mi ò gbóòórùn nǹkan kan lánàá.”

Ó gbọ́ tí àgbàlagbà náà ń mí.

“Akin. Kí ló dé tí o ò sọ?”

“Ojú tì mí, Ẹ̀gbọ́n.”

Adétóun ti mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú gírígírí. Ilé Tòkunbọ̀ ní Challenge ni wọ́n kọ́kọ́ ń lọ, láti ibẹ̀ sí ilé ìwòsàn. Ìró orin ìsìn ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì òdìkejì títì, funfun tó bo ojú rẹ̀ sì ń nípọn sí i.

“Àtẹ̀gùn wà níbí,” ni Adétóun wí. “Ẹ rọra.”

Ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó sì ń wá ibi tí ilẹ̀ wà.