Iná Bíréèkì Tí Mo Ní Ó Tàn

Láàárọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ọkọ mi tó gbé mọ́tò jáde, iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ tèmi. Màá dúró sẹ́yìn mọ́tò náà níwájú ilé wa ní Ijapo, ní Àkúrẹ́, òun á jókòó sídìí ọkọ̀, á tẹ bíréèkì, á sì pariwo pé, "Tíṣà, mo ti tẹ̀ ẹ́ o!" Màá wo gíláàsì pupa méjèèjì, màá dáhùn pé, "Ó tàn!" Ó parí nìyẹn. Òun á wakọ̀ lọ, èmi á sáré padà sídìí ògì mi kí ó má baà jóná mọ́ ìkòkò.

Àwọn ọdún tí ojú pọ́n wa nìyẹn. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ọkọ mi, olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni èmi, oṣù sì ń gun orí oṣù láìsí owó oṣù. Bí ọkùnrin tó ń wọ táì lọ sí ọ́fíìsì ṣe bọ́ táì sílẹ̀ nìyẹn, tó sọ mọ́tò ara rẹ̀ di kabúkabú, tó ń kó èrò láti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó. Mọ́tò náà ti darúgbó. Okùn la fi ń di ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan. Síbẹ̀ òun ló ń bọ́ wa, a kì í sì í bú u létí ara rẹ̀.

Nígbà tó yá, ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gba èébú bọ̀ láti ọ̀nà. Àwọn awakọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ní kò níná bíréèkì, ó fẹ́ẹ́ pa àwọn.

"Tíṣà," ó wí fún mi lálẹ́ ọjọ́ kan, "wọ́n ní uná ẹ̀yìn kò tàn."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé kì í ṣe ojú mi méjèèjì ni mo fi rí i láàárọ̀?"

 N kò fẹ́ràn kí ènìyàn máa ja ọ̀rọ̀ mi níyàn, ọkọ mi sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbé mọ́tò lọ bá rewáyà tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe ládùúgbò wa. Nítorí pé mo ní iná náà ń tàn láràárọ̀, rewáyà gbà pé àrùn tí í lọ tí í bọ̀ ni. Ó ní kòtò ọ̀nà ló ń gbọn wáyà kan kúrò. Ó pààrọ̀ gílóòbù, ó so wáyà, ó tún un so. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì màá ní ó tàn, lọ́sàn-án wọ́n á tún bú ọkọ mi. Nígbà tí ó di ẹ̀ẹ̀kẹta, mo lọ bá rewáyà náà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo pè é lólè níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀.

Ní Sátidé kan, mo bá ọkọ mi lọ sí Oǹdó láti lọ wo ọmọ wa obìnrin tó wà nílé-ìwé níbẹ̀. Mo jókòó níwájú, kúlà ìrẹsì wà lórí ẹsẹ̀ mi, èrò mẹ́ta wà lẹ́yìn. A ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan nígbà tí ewúrẹ́ kan já sójú títì. Ọkọ mi tẹ bíréèkì. Mo gbọ́ igbe táyà lẹ́yìn wa. Ọkọ̀ agbégẹdú kan ya ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, ó wọ inú koríko, gbogbo gẹdú orí rẹ̀ mì, ó sì dúró. Díẹ̀ báyìí ló kù.

Èmi ni mo kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú awakọ̀ náà kí ó tó débẹ̀: ojú rẹ̀ fọ́ ni? Ọtí ló mu ni? Ọkùnrin náà kò bú mi padà. Ó na ìka sí ẹ̀yìn mọ́tò wa.

"Màmá, ẹ ò níná bíréèkì."

Ọkọ mi ló dá a lóhùn, pẹ̀lú sùúrù. "Ẹ má bínú. Ìyàwó mi wò ó láàárọ̀. Ó ní ó tàn."

Awakọ̀ náà yíjú sí mi. "Màmá, kò tàn."

Mo padà sínú mọ́tò.

A wa mọ́tò náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wọ Oǹdó. Nígbà tí èrò sọ̀ tán, wọ́n júwe rewáyà àgbàlagbà kan fún wa, tó ní àtíbàbà páànù létí títì. Ó gbọ́ ẹjọ́ ọkọ mi tán. Kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò mú irinṣẹ́ kankan. Èmi ló yíjú sí.

"Ìwọ lo máa ń wò ó?"

"Èmi ni, bàbá."

"Ibo ni mọ́tò máa ń kọjú sí?"

"Ilé wa."

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́?"

"Ojú títì. Níbi tí oòrùn ti ń yọ." Bí mo ṣe sọ ọ́ tán, ohùn mi lọọlẹ̀.

"Ṣé o máa ń wò ó kí ọkọ rẹ tó tẹ bíréèkì?"

N kò wò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ìgbà tó bá ní òun ti tẹ̀ ẹ́ ni mo máa ń wò. Kí n má tan ara mi, àárọ̀ mìíràn wà tí n kì í sọ̀ kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pàápàá. Ibẹ̀ ni màá ti na ọrùn, pẹ̀lú ṣíbí ògì lọ́wọ́.

Bàbá gbé aṣọ tó máa ń tẹ́ sábẹ́ ọkọ̀, aṣọ tó dúdú fún epo. "Má bínú sí epo o," ni ó wí, ó sì fi bo èmi àti iná ẹ̀yìn náà pọ̀. Òkùnkùn ṣú mọ́ mi lójú ní ọ̀sán gangan. Ọkọ mi pariwo láti ìdí ọkọ̀:

"Tíṣà, mo ti tẹ̀ ẹ́ o!"

Mo la ojú sílẹ̀ tó bó ṣe lè là tó. Gíláàsì náà dúdú bí ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ.

"Kò tàn, bàbá."

Oòrùn àárọ̀ ni mo ti ń rí láti ọjọ́ yìí wá. Ó ń wọ inú gíláàsì pupa, mo ń pè é ní iná.

Bàbá wọ ìdí pẹ́dà bíréèkì lọ pẹ̀lú gílóòbù kékeré tó ní wáyà méjì, èyí tó fi ń dán iná wò. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti abẹ́ aṣọ: "Iná dé ibí. Kò kọjá ibí." Súìṣì tí pẹ́dà ń tẹ̀, ohun tí kò ju àtàǹpàkò lọ, ni iná ti ń dúró. Ó fa wáyà kúkúrú kan yọ, ó fi so ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀.

Iná tàn. Ó kún inú aṣọ náà, ó pọ́n lára ọwọ́ mi, lára búláòsì mi, títí dé ibi tí epo ti ta sí i. Mo ti ń tan iná láti kékeré, ṣùgbọ́n n kò tíì wo iná bẹ́ẹ̀ rí. Gílóòbù kékeré ẹ̀yìn mọ́tò yìí ló ń bá àjèjì tó gbé gẹdú lẹ́yìn wa sọ̀rọ̀ pé ènìyàn wà níbí o, rọra. Ẹ̀rù Ọlọ́run bà mí. Mo sunkún lábẹ́ aṣọ elépo náà, kò sì sẹ́ni tó ní kí n jáde.

Bàbá tú súìṣì, ó ha ìdọ̀tí inú rẹ̀, ó dá a padà. "Rewáyà yín kò jẹ̀bi," ó wí fún ọkọ mi. "Ẹ̀rí tí ẹ fún un ló fi ṣiṣẹ́." Kò wo ojú mi nígbà tó ń sọ ọ́, mo sì dúpẹ́ fún ìyẹn.

Nígbà tí a rí ọmọ wa tán, tí a ń padà lọ sí Àkúrẹ́, mo bi ọkọ mi léèrè. "Gbogbo ènìyàn ló ń sọ fún yín pé kò tàn. Kí ló dé tí ẹ ṣì ń gbé e jáde láràárọ̀?"

Ó wò mí bíi pé ìbéèrè náà yà á lẹ́nu.

"Tíṣà, o ní ó tàn."

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, kí n tó lọ bẹ rewáyà àdúgbò wa, mo sọ ògì kalẹ̀ kúrò lórí iná. Mo dúró sẹ́yìn mọ́tò, mo kọ́kọ́ wò ó, lẹ́yìn náà mo fi ìró tí mo ró lékè bo orí mi àti gíláàsì pọ̀. Àwọn ará àdúgbò ń wò mí. Ọkọ mi pariwo pé òun ti tẹ̀ ẹ́. Mo rí i, ó tàn, ṣùgbọ́n mo ṣì ń wò ó.

"Tíṣà?"

"Ẹ tún un tẹ̀," ni mo wí. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó jẹ́ kí ó lọ.