Ẹ Kú Àárọ̀ Lójú Ilé Àkọ́kù

Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ní Ṣàngó-Ọ̀tà bẹ̀rẹ̀ sí í dá òṣìṣẹ́ dúró ní ayé Sáàpù, ètò ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, ilé àkọ́kù kan tó wà láàárín ilé wa àti ilé iṣẹ́ aṣọ tí ìyàwó mi ti ń ṣiṣẹ́ di ibi tí wọ́n ti ń ta igbó. Kò pẹ́ tí gbàná, oògùn olóró tó le ju igbó lọ, náà fi débẹ̀. Àwọn tó ń tà á kì í ṣe àjèjì. Òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni àwọn kan nínú wọn tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà ni olè ti ń wọlé lọ́sàn-án gangan.

Àwọn obìnrin àdúgbò yà sí ọ̀nà ẹ̀yìn. Ìyàwó mi kò yà. Ó ní èèyàn kì í kọjá lára èèyàn kó má kí i. Àràárọ̀ ló ń kí wọn. Nírọ̀lẹ́ tó bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, láti ojú fèrèsé, màá gbọ́ ohùn rẹ̀, màá gbọ́ tiwọn, ọkàn mi á tó balẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ọlọ́pàá dé, wọ́n kó nínú wọn lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti tàn pé ará àdúgbò wa ló tú àṣírí, àti pé àwọn tó kù nínú wọn yóò wá onítọ̀hún rí. Mo bẹ ìyàwó mi pé kó gba ọ̀nà ẹ̀yìn.

"Bàbá wọn, bí mi ò bá kọjá lọ́la, ta ni wọ́n máa pè ní olófòófó?"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé báàgì oúnjẹ rẹ̀, mo ní mò ń sìn ín.

"Ẹ kú àárọ̀ o!" ló kí wọn.

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ọ̀kan tó jókòó lórí búlọ́ọ̀kù gbójú sókè wò mí.

"Mọ́mì, ta rèé?"

"Ọkọ mi ni."

"Kò sìn yín rí. Kí ló ń bà á lẹ́rù lónìí?"

Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé sísìn tí mo sìn ín ló fa ìfura. Ṣíbí ń lu abọ́ nínú báàgì tó wà lọ́wọ́ mi.

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín. "Ó ní ìkíni yín ti pọ̀ jù, òun fẹ́ fojú ara òun rí ẹni tó fẹ́ gba ìyàwó òun!"

"Háà! Bàbá òjòwú!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Dádì, ẹ fọkàn balẹ̀, màmá wa ni."

Ẹni orí búlọ́ọ̀kù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ìyàwó mi gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó ní, "Òjòwú, ẹ máa lọ sílé." Mo kẹ́yìn sí wọn, mo ń lọ, gbogbo ẹ̀yìn mi ń retí òkúta.

N kò lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ojú fèrèsé ni mo wà títí ohùn rẹ̀ fi dún: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o!" Gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn ẹni orí búlọ́ọ̀kù dún: "Ẹ káàbọ̀, Mọ́mì."

Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí.

Àìsàn ló mú ìyàwó mi lọ, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, kì í ṣe àwọn ará ilé àkọ́kù. Wọ́n ti kọ́ ilé náà parí, tọkọtaya kan ló ń gbé ibẹ̀ báyìí. Síbẹ̀, bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ojú fèrèsé ni mo máa ń wà. N kì í gbọ́ ẹni tó ń kíni, n kì í gbọ́ ẹni tó ń dáhùn.