Nígbà Tí Mo Jẹ́ Àǹtí Ẹ̀yìn

Òórùn ṣọ́ọ̀kì àti ti àkàrà tí àwọn ọmọ dì sínú báàgì ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀ sẹ́nu iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ tíṣà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni nígbà náà, mò ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n màámi ní Fẹ́sítáàkì, mo sì ti wá iṣẹ́ ìjọba títí ó fi sú mi. Lọ́jọ́ kan ni ẹ̀gbọ́n màámi ti ìpàdé àwọn òbí dé, wọ́n ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan lọ́nà Agboju ń wá ẹni tí yóò máa ran àwọn tíṣà lọ́wọ́, nítorí pé àwọn ọmọ ti pọ̀ ju ohun tí ojú ẹnì kan lè ká lọ. Ẹgbẹ́ àwọn òbí ló fẹ́ gba onítọ̀hún síṣẹ́, kì í ṣe ìjọba. Mo ní kò burú, ibi tí a bá ti bẹ̀rẹ̀ náà la ti ń gòkè.

Bí mo ṣe múra lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹni tó bá rí mi á rò pé èmi ni wọ́n fẹ́ fi ṣe kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́. Mo wọ bàtà gogoro, mo gbé báàgì pupa kọ́ apá, mo sì ti to ọ̀rọ̀ tí n ó bá àwọn ọmọ sọ sórí. Tíṣà tí wọ́n fi mí tì jẹ́ ìyá àgbàlagbà kan tó kù díẹ̀ kí wọ́n fẹ̀yìntì, Màmá Tíṣà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Kíláàsì kejì ni wọ́n ń kọ́. Wọ́n wo bàtà mi, wọ́n wo ojú mi, wọ́n wá ní kí n gbé àga kékeré kan, kí n lọ jókòó lẹ́yìn. Mo rò pé ti ọjọ́ yẹn nìkan ni. Àṣé ibẹ̀ ni ọ́fíìsì mi.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa nu imú, kí n máa gbẹ́ pẹ́ńsùlù, kí n máa mú ẹni tí inú ń run lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí n sì máa la àwọn tó ń jà nítorí ìrésà tí a fi ń pa ìwé rẹ́. Àwọn ọmọ ò fi àkókò ṣòfò rárá, wọ́n sọ mí ní Àǹtí Ẹ̀yìn. Tí òbí kan bá wá mú ọmọ rẹ̀, ọmọ á máa ké láti ẹnu géètì pé, "Àǹtí Ẹ̀yìn, ó dàbọ̀ o," èmi á sì máa fi ẹ̀rín bo ìtìjú. Ìwé-ẹ̀rí mi wà nílé nínú ọ̀rá, èmi wà níbi tí mo ti ń nu imú.

Nígbà tí mo ṣàròyé, Màmá Tíṣà kò bá mi wí. Wọ́n ní kò sí olùrànlọ́wọ́ nígbà tí àwọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn nìkan ló ń dá kọ́ kíláàsì tó kún dé ẹnu ọ̀nà, ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì gba ọwọ́ àwọn kọjá tí àwọn kò rí dáadáa. Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn á máa wo ojú àwọn ọmọ, kí èmi máa bá àwọn wo ẹ̀yìn orí wọn. Mo dáhùn pé ẹ ṣé mà, ṣùgbọ́n nínú mi mò ń bi ara mi léèrè pé kí ni ènìyàn ń rí lẹ́yìn orí.

Ẹ ti mọ bí a ṣe ń kọ́ni nílé-ìwé ìjọba. Tíṣà á ka gbólóhùn kan, gbogbo kíláàsì á gbè é. Ohùn àwọn ọmọ á ròkè, ẹni tó ń kọjá lójú títì á sì mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ń lọ. Ó dùn mọ́ni púpọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ kan kò bá mọ̀, ohùn àwọn yòókù á bò ó mọ́lẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà láàrin wọn tí ìyá rẹ̀ jẹ́ onídìrí nítòsí ọjà Agboju. Nítorí bẹ́ẹ̀, kò sí orí tó máa ń mọ́ bí tirẹ̀ ní gbogbo ilé-ìwé wa, kódà orí àwọn tíṣà kò tó o. Tí kíláàsì bá ń gbè, òun náà á máa la ẹnu. Tí a bá ní kó dá ka ìwé, á kàn máa wò wá. Rán an lọ mú ìgbálẹ̀ wá, ó lè gbé korobá dé. Wọ́n ti pè é ní olódo títí ó ti fẹ́ di orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tó ga jù ni pé kì í dijú tí a bá ń gbàdúrà. Nílé-ìwé wa, ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ Kristẹni jọ ń gbàdúrà láàárọ̀ àti kí wọ́n tó lọ sílé, ẹni tí kò bá sì dijú, onítọ̀hún ti rí Ọlọ́run fín. Ojú ọmọ yìí á là rekete, á máa wá ọ̀tún wá òsì. Tíṣà kan ní ojú yẹn kì í ṣe ojú lásán, ó sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó mú un lọ fún ìtúsílẹ̀. Ìyá náà mú un lọ, wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n da òróró sí i lórí, ojú ọmọ ò padé.

Nígbà tí sáà kejì ń parí lọ, ìyá ọmọ náà wá sí ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé wa. Ó ní tí ìsinmi bá parí, òun kò ní dá a padà mọ́, ó ń lọ bá ìyá-ìyá rẹ̀ lábúlé kan lẹ́bàá Ìkirè, kó lọ máa bá wọn yan gààrí. Ó ní òun ní àwọn ọmọ mìíràn tí orí wọn gbé ìwé. Ọ̀gá wa ní kò burú. Ọmọ kan tó lọ, àyè ìjókòó kan ló ṣí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, torí ọmọ náà kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu rí, òun ló máa ń bá mi to àga tí ilé-ìwé bá parí.

Ọjọ́ tí a fẹ́ gba ìsinmi, a dìde fún àdúrà ìparí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa rìn láàrin wọn, kí n rí i pé gbogbo ojú dì. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọmọ náà wí lọ́jọ́ tó kẹ́yìn rẹ̀ láàrin wa, ni mo bá dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo rọra fi àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì bò ó lójú. Kò jà. Ó pa ọwọ́ pọ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Àdúrà parí, kíláàsì ṣe àmín tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí páànù, wọ́n jókòó gbì, wọ́n ń fa báàgì mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọmọ tí mo bò lójú ṣì dúró. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì pa pọ̀, ètè rẹ̀ ṣì ń mì, ó ṣì ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ nínú gbogbo ariwo yẹn. Nígbà tí mo ṣí i lójú, ó wò yíká, ó rí i pé gbogbo ènìyàn ti jókòó, ó sáré jókòó, ó sì tẹ orí ba.

Mo ní kó dìde, mo tún bò ó lójú, mo pe orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn etí. Kò dáhùn. Mo gbé ohùn sókè, gbogbo kíláàsì yíjú wò wá, òun nìkan ni kò mọ̀ pé wọ́n ń pe òun. Màmá Tíṣà ti iwájú wá, àwọn náà bò ó lójú, wọ́n pè é, wọ́n tún pè é. Wọ́n wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ, wọ́n gbé e jókòó sí itan wọn.

"Ojú ló fi ń gbọ́ràn," wọ́n wí fún mi. "Àwa sì ń sọ pé kó dì í."

Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé láti mú un, a rò pé inú rẹ̀ á dùn. Inú bí i ni. Ó ní etí ọmọ náà ti ń ṣọyún láti kékeré, wọ́n ní tó bá dàgbà á gbẹ, òun sì ti ń fi àdín gbígbóná sí i. Ó ní, "Ẹ kọ́kọ́ ní olódo ni. Ẹ tún ní ẹ̀mí òkùnkùn ni. Ó tún wá di etí. Èwo ni kí n gbà nínú ẹ̀?" Màmá Tíṣà, tí wọ́n lè bí ìyá yẹn lọ́mọ, kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ níwájú rẹ̀. Wọ́n ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí èmi bá a dé ọsibítù lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Tí dókítà bá ní kò sí nǹkan kan, kó máa mú ọmọ rẹ̀ lọ sí Ìkirè, ẹnikẹ́ni ò ní dá a dúró. Ìyá náà sáré gbé wọn dìde. Ó ní òun á lọ.

A jókòó pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù kó tó kàn wá. Dókítà yẹ etí náà wò, ó ní ọ̀kan ti bàjẹ́ tipẹ́, ṣùgbọ́n èkejì ṣì ṣeé tọ́jú, ẹni tó bá kọjú sí ọmọ náà tó sì sún mọ́ ọn, ọmọ á gbọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Ìyá náà fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Ó wá yíjú sí mi, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Àǹtí, ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo máa ń wà tí mo bá ń dirun fún un. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń bá a sọ gbogbo ọ̀rọ̀ mi. Mo rò pé ó ń gbọ́ mi ni." Ó bú sẹ́kún, èmi náà bá a sun ún.

Ọmọ náà kò lọ sí Ìkirè. Lẹ́yìn ìsinmi, Màmá Tíṣà fi í sí iwájú, wọ́n sì ní kí n gbé àga mi wá síwájú. Ohun tí wọ́n bá kọ sójú pátákó, èmi á kọjú sí ọmọ náà, n ó sì tún un sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò yá o. Àwọn ọjọ́ kan wà tí á ju ìwé sílẹ̀, tí èmi náà á wo géètì bíi pé kí n máa lọ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gba ìsinmi gígùn, ó dìde lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ka ojú ìwé kan tán láìsí ẹni tó bá a gbè é. Ohùn rẹ̀ ga jù, kò sì mọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un nínú wa.

Èmi náà ti di tíṣà ìjọba báyìí, ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Wọ́n fún mi ní olùrànlọ́wọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ń fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bí ẹni ń lọ sí báńkì. Kíláàsì tó ní irú rẹ̀ ti ń pọ̀ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ṣì ń bèèrè ohun tí tíṣà méjì ń ṣe nínú yàrá kan. N kì í bá wọn jà. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún Màmá Tíṣà, mo máa ń dúpẹ́ fún àwọn òbí tó gbà mí nígbà tí ìjọba kò rí mi, mo sì ń dúpẹ́ pé n kò bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sá.

Lóṣù tó kọjá, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù onídìrí yẹn. Ọmọ náà ti wà nílé-ìwé girama, ó ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ. Wọ́n ti yí àga ìdirun padà, dígí ńlá ló kọjú sí báyìí. Ìyá dúró lẹ́yìn, ó ń dirun, ó ń sọ̀rọ̀ sínú dígí, ọmọ ń wo ẹnu rẹ̀ níbẹ̀, ó ń fèsì. Wọn ò tíì mọ̀ pé mo ti dé. Ìyá sọ nǹkan kan kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Èmi tí etí mi pé, n kò gbọ́ ohun tó sọ.