Lẹ́tà Méjì Lórí Àtẹ́rígbà

Nígbà tí Déolú ń kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ní Scotland, ó gba yàrá kan nínú ilé olókùúta àtijọ́ kan ní abúlé. Ògiri rẹ̀ nípọn, fèrèsé rẹ̀ kéré, etí òrùlé rẹ̀ sì rí bí àtẹ̀gùn. Ahunṣọ kan ló kọ́ ọ. Ilé náà di ilé ìwé, ó tún di ilé búrẹ́dì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan òkúta àtẹ́rígbà tí ahunṣọ náà gbẹ́ lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ tirẹ̀ àti ti ìyàwó rẹ̀ sí. Onílé sọ fún Déolú pé ara òkúta yẹn làwọn ọmọ ilé ìwé ti kọ́kọ́ dá lẹ́tà mọ̀.

Nígbà tí Déolú ra ilé ní Temple Hills, ó gbẹ́ D àti F sára pákó orí ilẹ̀kùn kíṣìnnì. Fẹ̀yìntọlá, ìyàwó rẹ̀, fi í ṣẹ̀fẹ̀ títí ó fi kú: "Dádì Rìnsọ́lá, ṣé ẹ rò pé mo máa ṣìnà kíṣìnnì ni?"

Ní ọdún 2007, Déolú ta ilé náà láti lọ máa gbé lọ́dọ̀ Adérìnsọ́lá, ọmọ wọn, ní Fairwood.

"Dádì, ẹ tú pákó Mọ́mì, ká gbé e lọ," ni Adérìnsọ́lá wí. "Ẹni tó ra ilé máa fi ọ̀dà kùn ún ni."

Déolú ti gorí àga, ó ti tú ìṣó kan nígbà tí Bridget, tó ra ilé náà, wọlé wá wọn fèrèsé.

"Kí lẹ fẹ́ fi ibí ṣe?" ni Déolú bi í.

"Daycare ni, sà. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta, mẹ́rin la máa tọ́jú."

Déolú gbá ìṣó náà padà sáyè rẹ̀, ó sì sọ̀kalẹ̀.

"Ẹ bá mi fi lẹ́tà méjì yìí bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà fún wọn," ni ó wí.

Adérìnsọ́lá ká aṣọ tó ti tẹ́ sílẹ̀ láti fi wé pákó náà.