Mọ́tò Àtijọ́ Méjì Tá A Lọ Dán Wò ní Newmarket

Ẹ bá mi gbọ́ nǹkan tójú mi rí ní Newmarket, ìlú kan nítòsí Toronto, lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, inú ṣì ń bí mi díẹ̀.

Bọ̀dá Kúnlé ló gbà mí sílé nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Toronto, kí n tó rí yàrá sí Rexdale. Tíṣà ni wọ́n, Richmond Hill ni wọ́n ń gbé. Láti kékeré ni wọ́n ti fẹ́ràn mọ́tò asáré àtijọ́, àwọn ẹlẹ́ni méjì tó kúrú mọ́lẹ̀ yẹn. Ní báyìí táwọn ọmọ wọn ti parí yunifásítì, wọ́n ní àwọn fẹ́ ra ọ̀kan. Wọ́n wá rí òyìnbó kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ní méjì: pupa láti Ítálì, aláwọ̀ eérú láti Jámánì. Ó ní ká wá wa méjèèjì, ká mú èyí tó bá wù wá.

Wọ́n ní kí n tẹ̀ lé àwọn torí pé mi ò kì í tètè gba èèyàn gbọ́. Òótọ́ sì ni.

Nígbà tá a débẹ̀, ti Jámánì wà nínú gáréèjì, pupa ti wà níta, ó ń dán. Òtútù mú gan-an, ìrì tó dì ṣì funfun lórí koríko. Mo ṣe bí ẹni ń wo ọ̀dà mọ́tò pupa náà, mo fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó gbóná! Mo bi òyìnbó náà léèrè, ó ní òun kàn gbé e jáde láti gáréèjì ni. Ṣé ìyẹn ló ń mú ẹ́ńjìnnì gbóná tó bẹ́ẹ̀?

Èmi àti Bọ̀dá la jọ wa pupa lọ. Ká tó gbéra, ọkùnrin náà kìlọ̀ pé ká má pa ẹ́ńjìnnì rárá lójú ọ̀nà. Kí ló dé? Kò ṣàlàyé.

Mi ò ní purọ́, mọ́tò yẹn lè sáré. Bọ̀dá kàn tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ni, ó ta bí ọfà. Àmọ́ tí wọ́n bá tẹ bíréèkì, ó máa ń fà sápá òsì. Nígbà tá a padà, a wa ti Jámánì náà. Kò yára gbéra, gíà rẹ̀ sì le, ṣùgbọ́n kò yẹsẹ̀ ní kọ́nà kankan, bó ṣe ń lọ náà ló ṣe ń dúró, gbọọrọ.

Síbẹ̀, pupa ni Bọ̀dá fẹ́. Mo ní ká lọ mu kọfí, kí mọ́tò tutù, ká wá tún ṣíná sí i, torí ìgbà tó bá tutù la máa ń mọ ẹ́ńjìnnì tó ti gbó. Lójú ẹsẹ̀ ni òyìnbó náà ní ẹlòmíì ń bọ̀ wá rà á.

Bọ̀dá ti ń yọ fóònù jáde láti sanwó. Wọ́n ní, “Wálé, ṣé ọlọ́pàá ni ẹ́ ni? Kí lọkùnrin yìí ṣe fún ẹ?”

Mo ní, “Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é nítorí tèmi.”

Wọ́n tẹ̀ lé mi, àmọ́ fọ́tò pupa náà ni wọ́n ń wò lórí fóònù níbi tá a ti ń mu kọfí. Èmi náà wá ń rò ó: kí ló dé tí mò ń ba ayọ̀ àgbàlagbà jẹ́?

Nígbà tá a ń padà bọ̀, a ò tíì yà sí àdúgbò ọkùnrin náà tá a ti ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì. Pupa dá dúró síwájú ilé, kò sẹ́ni nínú ẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lọ ní tiẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ wá rà á dà?

Bọ̀dá bọ́ sílẹ̀, wọ́n nawọ́ wọlé, wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́. Wọ́n ní àwọn máa dúró kó tutù. Òyìnbó náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Nígbà tí Bọ̀dá wá tún ṣíná sí i, ó kérora títí, kò jí. Nígbà tó sì jí, èéfín búlúù, ti ẹ́ńjìnnì tó ń jó ọ́ìlì, bo gbogbo iwájú ilé, a ò ríra wa mọ́.

Bọ̀dá húkọ́, wọ́n ní, “Ó dáa, Jámánì la máa mú.”

Ọkùnrin náà mi orí. Ó ní òun ti pinnu pé òun ò ní ta ìyẹn mọ́, òun fúnra òun ló ń wà á.

Títí a fi dé Richmond Hill, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Bọ̀dá sọ: “Ó kúkú mọ̀.”

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tó ń tajà mọ ọjà ẹ̀ jù wá lọ. Kẹ́ ẹ tó ra èyí tó ń yìn fún yín, ẹ wo èyí tóun fúnra ẹ̀ ń lò. Ṣẹ́yin náà ti pàdé irú ọkùnrin yìí rí? Báwo lẹ ṣe fura? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, mo fẹ́ kí Bọ̀dá kà á.