Nọ́ńbà Tí Mo Fi Báírò Pupa Fagi Lé

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi ni mo máa ń pa òwe yìí fún àwọn ará abúlé kí a tó gún wọn lábẹ́rẹ́. Láàbù kan ní Yábàá ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tí à ń wá ni àmì kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí yóò máa sọ ẹni tí àtọ̀gbẹ ti ń ba ojú rẹ̀ jẹ́, kí onítọ̀hún fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Dókítà ojú kò sí lábúlé, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀yìn ẹyinjú kò sì sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ wà lára gbogbo èèyàn, ó sì ṣeé gbé sínú kúlà wá sí Èkó. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá fi àmì yẹn hàn, a ó pè é, a ó sì wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sílé ìwòsàn ojú. Ẹni tí a kò bá pè, kó máa dúpẹ́.

Ìbéèrè kan wà lórí fọ́ọ̀mù wa tó le ju abẹ́rẹ́ lọ: Ṣé ẹ ní àtọ̀gbẹ? Èèyàn wa kì í fi ẹnu ara rẹ̀ pe àìsàn. Àwọn kan á ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Àwọn kan á ní kì í ṣe ìpín àwọn. Àwọn mìíràn kò ní sọ nǹkan kan, wọn á kàn fi ọwọ́ yí orí wọn ká, wọn á ta á dànù. Ọ̀gá mi ti kọ́ wa pé ìdáhùn kọ́ nìyẹn, àdúrà ni. Ó ní a kò gbọdọ̀ kọ "rárá" sílẹ̀ fún ẹni tó bá gbàdúrà. Ká tún bi í, ká rọra bi í, títí a ó fi gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo mọ iṣẹ́ yìí débi pé mo máa ń fi àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ṣe yẹ̀yẹ́ bí wọ́n bá gbàgbé.

Nígbà tó yá, ọ̀gá ní a nílò ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kò ní àtọ̀gbẹ, kí a lè fi ti àwọn tó ní i wé e. Ó ní kí kálukú wá èèyàn díẹ̀ nítòsí ilé rẹ̀. Mo sọ ọ́ fún màmá mi ní Sùúrùlérè lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan, níbi tí a ti ń jẹun. Mi ò bẹ̀ ẹ́ sí i o, mo kàn ń ròyìn ni, títí dórí àwọn tí a máa ń pè. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, òun nìkan ló sì ń gbé ilé náà láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó ní kí n gba tòun.

Inú mi dùn. Mo tẹ́ fọ́ọ̀mù sórí tábìlì tó ti máa ń máàkì ìwé àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀. Mo bi í ní ọjọ́ orí, mo bi í ní oògùn tó ń lò. Nígbà tí mo dé orí ìbéèrè yẹn, ó wo ọwọ́ tí mo fi mú báírò.

"Kì í ṣe ìpín mi, lórúkọ Jésù."

Mo kọ "rárá." Mi ò tún bi í. Ta ni yóò jókòó síwájú ìyá tó bí i, tí yóò máa wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bí ọlọ́pàá? Mo mọ ọbẹ̀ tó ń jẹ, mo mọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń lò, mo rò pé mo ti mọ gbogbo rẹ̀. Ó na apá sílẹ̀. Kò wo abẹ́rẹ́ náà rárá, èmi ló ń wò. Mo kọ nọ́ńbà sára ìgò, mo gbé e sínú kúlà, mo sì padà sídìí oúnjẹ mi.

Nígbà tí èsì jáde, ẹ̀jẹ̀ kan láàrin ti àwọn tí ara wọn le fi àmì náà hàn gbangba. Ó tiẹ̀ ga ju ti àwọn ará abúlé kan tí a ti gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Nọ́ńbà nìkan ló wà lára ìgò. Orúkọ ẹni tó ni ín wà nínú ìwé kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ọwọ́ mi sì ni kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù náà wà. Ọ̀gá ní ó jọ pé wọ́n ti fi ìgò kan pe òmíràn. Ọ̀rọ̀ náà bá mi lára mu, torí ọjọ́ Jímọ̀ ni, ó ti rẹ̀ mí, òjò sì ti ṣú. Mo fi báírò pupa fagi lé nọ́ńbà náà, mo kọ "àṣìṣe" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo lọ sílé.

Ní oṣù kẹta lẹ́yìn tí mo gba ẹ̀jẹ̀ màmá mi, ó pè mí pé kí n wá bá òun ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní ìdúpẹ́ kí ni. Ó ní ohun tí Olúwa ṣe fún òun kò ṣeé fẹnu sọ. Aláàńgílíkà àtijọ́ ni màmá mi, kì í jó. Bí àwọn yòókù bá ń jó lọ gbé ọrẹ, ńṣe ni òun máa ń rìn bí ẹni ń lọ sójú pátákó ìkọ̀wé. Lọ́jọ́ yẹn, ó wọ aṣọ funfun, ó sì jó. Mo tẹ̀lé e jó dé iwájú pẹpẹ, mo ń jí aago ọwọ́ mi wò, torí mo fẹ́ tètè máa lọ.

Òun ló máa ń ka ẹ̀kọ́ kìíní nínú Bíbélì fún ìjọ láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, mo ṣàkíyèsí pé ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, ó máa ń fi fóònù gbọ́ Bíbélì, ibì kan náà, léraléra. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti fẹ́ di wòlíì. Ó rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, àlùfáà yí ẹ̀kọ́ padà lójijì, ó kéde ìwé Rúùtù. Màmá mi dìde, ó lọ síbi tí Bíbélì ńlá wà, ó tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe, ó fi ìka sórí ìwé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka Àìsáyà. Ó kà á dáadáa. Ohùn olùkọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Nígbà tó kà á dé àárín, ó tiẹ̀ ṣí ojú ewé kan. Àwọn èèyàn ń wo ara wọn, wọ́n ń ṣí Bíbélì tiwọn síwá sẹ́yìn. Ó ti gbọ́ ìkéde náà bí gbogbo wa ṣe gbọ́ ọ. Kò kàn ní ohun mìíràn tó ti há sórí ni. 

Nílé ìwòsàn ojú tí mo mú un lọ, dókítà wo ẹ̀yìn ojú rẹ̀ pẹ́. Ó ní ojú òsì ti lọ, ó ní ìmọ́lẹ̀ fèrèsé nìkan ni ọ̀tún kù tó ń rí. Ó béèrè pé ó ti tó ìgbà wo tó ti ní àtọ̀gbẹ. Mo la ẹnu láti sọ pé kò ní i, àmọ́ màmá mi ṣáájú mi. Ó ní ọdún mẹ́sàn-án. Dókítà ní ká ní a mú un wá lọ́dún tó kọjá ni, ohun tí wọn ì bá ṣe pọ̀. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́, mo sì kórìíra rẹ̀ fún ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Mi ò ní fa ọ̀rọ̀ náà gùn. Orúkọ màmá mi ló wà níwájú nọ́ńbà tí mo fagi lé.

Mo lọ bá a nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó jókòó sí bàkónì, ó kọjú sí ọ̀nà Ojú Ẹlẹ́gbà bí ẹni tó ń wòran. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́: ìbéèrè tí mi ò tún bi í, àti báírò pupa. Mo rò pé yóò bínú. Ó ì bá sàn fún mi bó bá bínú. Ó wá ọwọ́ mi títí ó fi rí i, ó dì í mú.

"Ṣebí mo mọ̀ pé mo ní i. Ẹnu mi ni kò lè sọ fún ọ, ni mo bá ní kí ẹ̀jẹ̀ mi lọ sọ ọ́. O ní ẹni tí èsì rẹ̀ bá burú lẹ máa ń pè. Mo ń retí ìpè rẹ fún oṣù mẹ́ta gbáko. Nígbà tí o ò sọ nǹkan kan, mo ní Ọlọ́run ti mú un kúrò. Mo da omi ewúro tí mò ń mu fún àtọ̀gbẹ náà nù, mo sì lọ dúpẹ́."

Àṣìṣe mi ni màmá mi wọ aṣọ funfun jó fún lọ́jọ́ náà, èmi ni mo sì tẹ̀lé e lẹ́yìn.